Ọjọ́ Tí Àwọn Olóyè Ẹgbẹ́ Wa Di Ẹbí Ọkọ ní Ìkirè

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni ọmọ Ìkirè ṣe di akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, mo máa ń sọ fún un pé ẹnu mi ló kó mi sí i. Ní yunifásítì tí mo lọ, ẹgbẹ́ kan wà tó jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ mìíràn, Gánà, Kamẹrúùnù, Sàró, Làìbéríà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé òfin wọn sọ pé ọmọ Nàìjíríà kan gbọ́dọ̀ wà lára àwọn olóyè, kí ó lè máa là wọ́n lóye nípa ìṣe ilẹ̀ wa. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí ìpàdé wọn lọ́jọ́ kan, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ ìwé gígùn sí alákòóso họ́sítẹ̀lì kan nítorí yàrá ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí. Mo ní kí wọ́n fi ìwé yẹn sílẹ̀, pé ọkùnrin yẹn kì í ka ìwé ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ ló máa ń dá lóhùn. Mo lọ kúnlẹ̀ kí i, mo gba yàrá. Nígbà tí wọ́n tún ṣèpàdé, wọ́n fi mí jẹ akọ̀wé.

Olóyè mẹ́rin ni wá. Ààrẹ wa wá láti Làìbéríà, Mùsùlùmí ni, ó ga, ó gbẹ, ìṣirò ló ń kọ́, ọ̀rọ̀ kì í sì í yá a lẹ́nu. Igbákejì rẹ̀ jẹ́ obìnrin Kamẹrúùnù kan tó ti lọ́kọ, tó ti bímọ, tó fi wọ́n sílẹ̀ wá kàwé nípa oògùn. Òun ló dàgbà jù nínú wa, ohùn rẹ̀ sì tó láti dá ọjà dúró. Akápò jẹ́ ọmọ Gánà, aláwàdà ni. Ó gbọ́ Yorùbá nítorí pé àwọn Yorùbá ni aládùúgbò wọn ní Kumasi nígbà tó wà ní kékeré. Ẹ̀kẹrin wọn ni èmi alẹ́nu-bí-abẹ.

Ohun kan wà tí ẹgbẹ́ yẹn ń ṣe tí mi ò tíì rí níbòmíràn. Àwọn olóyè ni ẹbí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Wọn ò fi ṣeré o, inú ìwé òfin ló wà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá dá, tí ọsibítù ní kí ẹbí rẹ̀ wá, àwọn olóyè ni ẹbí tó máa lọ. Ẹni tó bímọ, àwọn ni wọ́n máa jókòó níbi ìkómọ. Ẹni tó bá sì wà lórí oyè Ààrẹ, òun ni bàbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lè jù ú lọ. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó wá di ọjọ́ kan tí wọ́n gbé ọmọbìnrin Sàró kan wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo débẹ̀, mo bá Ààrẹ lórí bẹ́ǹṣì níta, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orúnkún mú, kò jẹun, kò mu omi. Nọ́ọ̀sì jáde, ó ní, "Ta ni bàbá ọmọ yìí?" Ó dìde, ó ní òun ni. Nọ́ọ̀sì wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó rí i pé kò ṣeré, ó sì sọ ohun tó fẹ́ sọ fún un. Mi ò ní purọ́ fún yín, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lójú mìíràn.

Nígbà ọlidé gígùn, wọ́n máa ń ti họ́sítẹ̀lì, àwọn tí ilé wọn jìnnà kò sì ní ibi tí wọ́n máa forí lé. Mo máa ń kó àwọn olóyè wá sílé wa ní Ìkirè. Ìyá mi ń din dòdò tà lẹ́bàá títì, àwọn èrò ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀ àti àwọn tó ń lọ sí Ìbàdàn ló ń rà á. Igbákejì jókòó tì wọ́n títí ó fi mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ tó láti gún àti ìgbà tó yẹ kí ata wọ̀ ọ́. Ìyá mi ní kí n fi ìdí ààrò sílẹ̀ fún un, kí n gbájú mọ́ ìwé mi, nítorí ó hàn pé wọ́n ṣèèṣì pààrọ̀ àwa méjèèjì ni. Bàbá mi máa ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Orílẹ̀-Òwu àti Ararọ̀mí, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni bàbá mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Akápò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, èdè Àṣáńtì ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ẹnu ya ọmọ náà, ó ya èmi náà. A mọ̀ pé wọ́n ti gbé Gánà rí, àbí ta ni kò gbé Gánà rí nínú àwọn àgbà àdúgbò wa? Mi ò bi wọ́n léèrè ohunkóhun.

Ogun wá bẹ́ ní Làìbéríà. Rédíò la fi gbọ́. Bàbá Ààrẹ ń ta obì ní ìlú kan tó sún mọ́ ẹnu bodè, ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré, bàbá yìí nìkan ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ẹ̀yà tiwọn gan-an ni wọ́n ń dọdẹ kiri. A kò gbúròó bàbá náà mọ́. Akápò ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ béèrè ní àgọ́ àwọn tó sá ogun wá sí Gánà, wọ́n béèrè títí, kò sí ẹni tó rí i. Ààrẹ kò sunkún lójú wa. Ó kàn máa ń gbé rédíò kékeré mọ́ etí nígbàkígbà tí a bá ń ṣèpàdé, tí a bá ní kó pa á, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kò ní pa á. A jẹ́ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí èmi àti Ààrẹ ti mọ̀ pé a ó fẹ́ra wa, mo sọ fún ìyá mi, ìyá mi sọ fún bàbá mi, bàbá mi sì gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn, olórí ẹbí wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà ti lọ sí Mẹ́kà, òun ló ń ṣáájú àdúrà nínú ilé wa. Wọn ò ní àwọn ò fẹ́ àjèjì. Wọ́n ní, "Mùsùlùmí ni, ó kàwé, ó mọ èèyàn kí. Ṣùgbọ́n a kì í fa ọmọbìnrin lé ẹni kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ẹbí là ń fún. Lọ́jọ́ tó bá dáyà jáni, ta la máa mú? Kí ó mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá." Bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn, kì í ṣe ọ̀tẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ ò ní gbà gbọ́, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mi sí àjẹ́ńdà, wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí a fẹ́ gbá. Nígbà tí a kàn án, wọ́n ṣí ìwé òfin. Ààrẹ ni bàbá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ó dáa, ṣùgbọ́n Ààrẹ ló fẹ́ gbéyàwó, kò lè jẹ́ bàbá ara rẹ̀. Ìwé òfin sì sọ pé níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan Ààrẹ fúnra rẹ̀, Igbákejì ló máa dúró nípò rẹ̀. Nítorí náà, Igbákejì ni bàbá ọkọ ìyàwó. Mo ní rárá o, ìlú wa kọ́ ni obìnrin ti ń jókòó sórí àga bàbá ọkọ. Obìnrin Kamẹrúùnù yẹn wò mí bí ìgbà tí èmi gan-an ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Nínú ẹgbẹ́ wa, kò sí ọkùnrin, kò sí obìnrin. Oyè ló wà. Ṣé èmi kọ́ ni mo jẹ́ bàbá níbi ìkómọ tí Ààrẹ kò sí nílé?" Wọ́n dìbò. Èmi nìkan ni mo dìbò tèmi, àwọn yòókù wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú bí mi dé ibi tí mi ò fi bá wọn jẹun lọ́jọ́ náà.

Wọ́n wá sí Ìkirè ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti lọ aṣọ wọn, ẹnìkọ̀ọ̀kan wọ ti ìlú rẹ̀. Wọ́n gbé obì wá, wọ́n gbé èso wá, àpótí oyin sì wà níbẹ̀ tí Akápò gbé lé orí fúnra rẹ̀ láti ẹ̀bá títì wá sílé. Àwọn èèyàn àdúgbò jáde wò wọ́n. Èmi wà nínú yàrá lẹ́yìn kọ́tìnnì pẹ̀lú ìyá mi, nítorí pé ọmọ tí wọ́n ń tọrọ kì í jókòó sáàárín wọn. Mo ń rí pálọ̀ láti ojú kọ́tìnnì. Bàbá Àgbà jókòó láàárín àwọn àgbà ilé wa, bàbá mi wà ní igun, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri bí ìṣe wọn.

Bàbá Àgbà kí wọn dáadáa, wọ́n ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n wá ní, "Ta ni bàbá ọkọ nínú yín, ká lè bá wọn sọ̀rọ̀?" Igbákejì dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó fi Yorùbá tí mo fúnra mi kọ́ ọ sọ pé, "Èmi ni bàbá ọkọ, sà." Àwọn àǹtí mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún bi í léèrè, wọ́n rò pé kò gbọ́ ni. Ó tún un sọ bákan náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ìwé òfin, Akápò ń túmọ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń ṣàlàyé sí i ni ojú àwọn àgbà ń le sí i. Ọ̀kan nínú wọn ní ṣé wọ́n kó àwọn ọmọdé wá fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìyá mi di apá mi mú, torí wọ́n mọ̀ pé mo lè jáde.

Bàbá Àgbà ní, "Ó tó. Bàbá tó bí ọmọkùnrin yìí lọ́mọ, níbo ló wà?" Akápò ló yẹ kó túmọ̀ ìbéèrè yẹn fún Ààrẹ. Kò túmọ̀ rẹ̀. Ó wo ojú àwọn àgbà, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́, ó sì fẹ́ gbà wá sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá rẹ̀ ti kú, sà."

Pálọ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Gbogbo àwọn tó ti ń fajú ro, àánú ṣe wọ́n. Mo gbọ́ tí àwọn àǹtí mi ń sọ pé, "Ọmọ òrukàn ni, ó ṣe o." Bàbá Àgbà náà rọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà tí a máa ń ṣe fún òkú Mùsùlùmí, pé kí Ọlọ́run forí jì í, kí ó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Gbogbo ilé gbé ọwọ́ sókè. Igbákejì náà gbé tirẹ̀, kò mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ. Ààrẹ kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi ń ṣàdúrà, láti kékeré ló sì ti mọ àdúrà yẹn. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó yé e. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí orúnkún. Gbogbo ilé ṣàmín, òun kò ṣe é.

Ó dìde, ó fi ìwọ̀nba Yorùbá tó ní sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Wọn ò sọ fún mi pé bàbá mi kú. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n wà. Mi ò lè ṣàmín."

Bàbá Àgbà yíjú sí Akápò. "Ẹ fẹnu pa bàbá ọlọ́mọ torí kẹ́ ẹ lè rí ìyàwó fẹ́?" Akápò ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, kò lè gbójú sókè. Àwọn kan ní kí wọ́n máa kó ẹrù wọn lọ. Nígbà tí inú Bàbá Àgbà rọ̀ díẹ̀, wọ́n pe Ààrẹ sún mọ́ wọn. Wọ́n rọra bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ń dúró kí Akápò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ogun ni. O ò gbúròó bàbá ẹ láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà ni. Ìwọ náà mọ̀ nínú ara ẹ. A ti ṣàdúrà yìí, kì í ṣe ohun tí a lè gbà padà. Ṣàmín sí i. Tó o bá ti ṣe é, n ó yan bàbá fún ẹ nínú ilé yìí, báyìí báyìí, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Tó ò bá ṣe é, àwa ò lè fọmọ fún ẹni tí a ò mọ̀ bóyá orí ilẹ̀ ni bàbá rẹ̀ wà tàbí abẹ́ ilẹ̀. Ta la fẹ́ ránṣẹ́ sí?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo fẹ́ kó sọ ọ́. Mo fẹ́ ẹ débi pé ẹnu mi ń sọ ọ́ fún un. Ó wo apá ibi tí mo wà, bóyá ó rí mi, bóyá kò rí mi, mi ò mọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè ṣe é." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀ tó wà lórí àga. Mo mọ̀ pé tó bá ti ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, ó tán nìyẹn.

Ìgbà náà ni bàbá mi sọ̀rọ̀ láti igun tí wọ́n wà. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀." Gbogbo ilé yíjú sí wọn, torí pé wọn kì í sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ẹbí.

Wọ́n ní, "Inú pálọ̀ yìí lẹ ti ṣe irú àdúrà yẹn fún mi. Ẹni tó ti Kumasi dé sọ fún yín pé òun fojú ara òun rí ibi tí wọ́n sin mí sí. Mi ò mọ ẹni tó rí. Àìsàn ló dá mi gúnlẹ̀ sí abúlé kan, tí n kò rí ẹni rán níṣẹ́. Ẹ kóra jọ, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀yin gan-an lẹ ṣáájú àdúrà náà. Ẹ pa àgbò. Ìyàwó tí mo fi sílẹ̀ ṣe opó mi, ó ṣe é parí, ẹ sì fún un lọ́kọ ní Apòmù. Nígbà tí Gánà lé àwa àjèjì, tí mo sọ̀kalẹ̀ lójú títì níbí pẹ̀lú àpò mi, àwọn tó dá mi mọ̀ sá fún mi. Ìyá wa dákú. Ẹ mọ gbogbo rẹ̀."

Bàbá mi yíjú sí ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n ní, "Mi ò bínú sí yín. Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ohun tí mo máa ń rò tí mo bá jókòó ni pé, nínú gbogbo ilé tó kún yìí, ká ní ẹnì kan ṣoṣo wà tó ní òun ò ní ṣàmín. Ẹnì kan péré. Kò sí. Mo ti wá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lónìí, ọmọ ọlọ́mọ ni. Èmi ni mo bí ọmọ tẹ́ ẹ ń gbé lé orí ìwọ̀n yìí. Mo fún un."

Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí láyé mi. Mo wo ìyá mi. Wọ́n ti yíjú sí ògiri, wọ́n ń fi ìró nu ojú. Wọ́n mọ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́ pé nítorí àdúrà kan tí wọ́n ṣe fún ẹni tí kò kú ni àwọn fi rí ọkọ fẹ́, tí a fi bí èmi. Ṣé irú nǹkan báyẹn ni èèyàn máa jókòó sọ fún ọmọ?

Bàbá Àgbà tẹ orí ba. Nígbà tí wọ́n gbé e, wọn ò wo bàbá mi. Wọ́n bi Ààrẹ pé, "Kí ni orúkọ bàbá ẹ?" Ó sọ ọ́. Wọ́n tún un pè lẹ́nu títí wọ́n fi pè é bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí Ọlọ́run dáàbò bo ọkùnrin yìí níbi yòówù tó bá wà, kí ó má jẹ́ kó febi sùn, kí ó mú un padà sílé ọmọ rẹ̀. Ààrẹ gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ó ṣàmín, ó wá sunkún níwájú gbogbo wọn, ẹkún tó ti kó sínú láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Àgbà jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn kí wọ́n tó yíjú sí obìnrin Kamẹrúùnù náà. Wọ́n ní, "Bàbá ọkọ, ẹ jókòó dáadáa, ká jọ sọ̀rọ̀." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Bí wọ́n ṣe fún un ní ìyàwó nìyẹn.

A parí ìwé, àwọn olóyè tú ká. Igbákejì padà sọ́dọ̀ ọkọ àti ọmọ rẹ̀. Akápò padà sí Gánà, ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó wá sí Ìkirè láti tún bẹ bàbá mi, bàbá mi sì fi èdè Àṣáńtì sọ ohun kan fún un tó mú un rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi rí iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Apòmù, a sì gbé ibẹ̀. Ní ọjà Apòmù ni mo ti mọ obìnrin tó ṣe opó bàbá mi. Ó ń ta ẹ̀gúsí. Bí mo ṣe rí i, inú bí mi sí i láìnídìí. Ó pè mí jókòó, ó ní òun mọ ohun tí mò ń rò. Ó ní, "Ọmọge ni mí nígbà náà. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ sókè, mo gbé e. Nígbà tí bàbá ẹ dé, ó wá kí èmi àti ọkọ mi nílé, kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni." Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń ra ẹ̀gúsí.

Mo bí ọmọkùnrin. Ẹ mọ orúkọ tí àwọn Yorùbá máa ń sọ ọmọkùnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú bàbá bàbá rẹ̀, tó ń sọ pé bàbá ti padà wá. Ojú ọmọ náà jọ ojú ọkọ mi, ojú ọkọ mi sì jọ ti bàbá rẹ̀ bó ṣe máa ń sọ, nítorí náà àwọn aládùúgbò ti ń fi orúkọ yẹn pè é kí ó tó di ọjọ́ ìkómọ. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tó bá fi orúkọ yẹn pè é ti gbà pé bàbá ọkọ mi kú. Bàbá Àgbà wá láti Ìkirè fúnra wọn. Wọ́n fún ọmọ ní orúkọ Mùsùlùmí, wọ́n fún un ní òmíràn. Wọ́n wá gbójú sókè wo gbogbo èrò, wọ́n ní wọn ò gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni, pé bàbá ọkọ ọmọ àwọn wà níbi tó wà, àwọn ń retí rẹ̀. Ó wọ etí gbogbo wọn. Títí Bàbá Àgbà fi kú, kò sí ọdún Iléyá tí wọn kò dárúkọ bàbá náà nínú àdúrà wọn.

Nígbà tí ogun rọlẹ̀ ní Làìbéríà, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé, ọkọ mi lọ. Mo fẹ́ bá a lọ, ó ní kí n dúró ti ọmọ. Ó dé ìlú wọn, ó rí ilé wọn, ògiri rẹ̀ nìkan ló kù, ẹlòmíràn sì ti gbin gbágùúdá sí inú rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn rí bàbá náà lójú ọ̀nà Gínì pẹ̀lú àwọn tó ń sá lọ. Àwọn kan ní irọ́ ni, pé kò kúrò nílùú. Ẹnì kan mú un lọ sí pápá kan lẹ́yìn ìlú, tí wọ́n ní èèyàn púpọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ohun tó sọ fún mi nìyẹn nígbà tó dé. Lẹ́yìn náà kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, èmi náà kò sì bi í. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ṣe díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ wa ti ilé kéú dé, ó ti tó ọmọ tó ń gbé wàláà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń kọjá lọ sẹ́yìnkùlé. Ọkọ mi gbójú sókè, ó wò ó, ó sì fi orúkọ yẹn pè é.

Ọmọ náà kò dáhùn. Kò sẹ́ni tó fi pè é láti ọjọ́ ìkómọ rẹ̀, kò mọ̀ pé òun ni. Ọkọ mi tún un pè, ohùn rẹ̀ kò ga. Ọmọ náà dúró, ó wo bàbá rẹ̀, ó wo èmi.

Mo gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Mo ní, "Ìwọ ni wọ́n ń pè. Dá bàbá ẹ lóhùn."